Ṣé ọ̀tá ẹwà ni ẹni tí kò fẹ́ ọnà?

Ìbéèrè: Àwọn wo ni ẹgbẹ́ Secession tí wọ́n máa ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ bá kan ọnà ní Vienna, olú ìlú Austria?

Ìdáhùn: Àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ya kúrò lára ẹgbẹ́ àwọn àgbà ni, ní 1897, Gustav Klimt ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí. Wọ́n fẹ́ kí ọnà wà lára àga, ṣíbí àti aṣọ, kó má mọ sórí àwòrán nìkan. Ewé aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi ṣe orí ilé ìpàtẹ wọn, àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ ní kábéèjì oníwúrà.

Ìbéèrè: Ta ló wá ta kò wọ́n?

Ìdáhùn: Adolf Loos, ayàwòrán-ilé ní Vienna kan náà. Ní 1910, ó sọ àsọyé tó fi ọnà, ìyẹn ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń ṣe sára nǹkan, wé ìwà ọ̀daràn. Òógùn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń rò: ẹni tó ń fi ọjọ́ gbọọrọ gbẹ́ òdòdó sára àga kì í rí owó tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbà, bí àṣà bá sì yí padà, wọn a gbé àga tí kò tíì bàjẹ́ jù nù. Òótọ́ pọ́ńbélé lèyí. Àmọ́ ó tún fi àwọn ará Papua, ní erékùṣù kan lápá àríwá Australia, tó ń fín ara wé ọmọdé tí kò tíì gbọ́n. N kò gbà á rárá. Àwa tí olóòlà kọlà fún baba wa mọ òye tó wà nínú iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè: Kí ni Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, wí sí i?

Ìdáhùn: Ó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ti 1790 kan ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní òdòdó, àti ewé tí wọ́n yà sí bébà ara ògiri, lẹ́wà láìjẹ́ pé a béèrè ohun tí wọ́n wà fún. Ìwé kan náà ló sọ pé férémù oníwúrà tí wọ́n kàn fi ń fa ojú mọ́ra ń ba ẹwà àwòrán jẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé Loos kò fẹ́ràn ẹwà ni?

Ìdáhùn: Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ wo ilé tó kọ́ fún àwọn aránṣọ kan ní Michaelerplatz, ní ọ̀kánkán ààfin. Òkè rẹ̀ funfun láìní ọnà kankan, ni wọ́n bá ní ilé tí kò ní irun ìpéǹpéjú ni. Àwọn aláṣẹ ìlú dá iṣẹ́ náà dúró, àfìgbà tó gbà láti fi àpótí òdòdó onídẹ sábẹ́ fèrèsé. Ìsàlẹ̀ ilé náà wá ńkọ́? Òkúta mábù aláwọ̀ ewé láti ilẹ̀ Gíríìsì ni, ìlà inú rẹ̀ ń rú bí omi. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ìlà wọ̀nyẹn, wọn kò sì wà fún ohunkóhun. Lójú tèmi, irú wọn gan-an ni Kant ń sọ.