Níbo ni àwòdì ń lọ nígbà òjò?

Láti oṣù Ọ̀wàrà títí wọ oṣù Igbe, ẹni tó bá gbójú sókè ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní Òkè-Fìà tàbí nítòsí Ọjà Ọba, kò ní pẹ́ kó tó rí àwòdì. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn a di àwátì. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Ṣé àwòdì ń lọ ni, àbí ó kàn ń sá pamọ́ fún òjò?

Ó ń lọ ni. Àwòdì tí a mọ̀ mọ́ ọmọ adìyẹ gbígbé, èyí tí àgógó ẹnu rẹ̀ pupa rúsúrúsú, máa ń kọrí sí Òkè Ọya nígbà òjò, nítorí pé àkókò yẹn ni kòkòrò ń pọ̀ níbẹ̀, nígbà tí koríko tiwa níhìn-ín ti ga débi pé ẹyẹ kò lè ti òkè rí ohun tó ń rìn nílẹ̀. Bí ọ̀dá bá ti dé ọ̀hún, wọn a padà. Ẹ má ṣe pè wọ́n ní àlejò: púpọ̀ nínú wọn ló ń kọ́ ìtẹ́ sórí igi gíga lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń pamọ kí wọ́n tó tún lọ.

Kí ló ń kó wọn jọ síbi tí iná bá ti ń jó pápá?

Oúnjẹ ni. Tata, aláǹgbá àti eku a máa sá jáde níwájú iná, àwòdì a sì ti máa dúró dè wọ́n lókè. Ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀kan ṣoṣo: yóò já wálẹ̀, yóò fi èékánná gbá tata mú, yóò na ẹsẹ̀ náà síwájú, yóò tẹ orí bá a, yóò sì jẹ ẹ́ tán lójú òfuurufú láìbà sórí ohunkóhun.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń yí po lójú kan láìgbọn apá?

Bí oòrùn bá mú, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ń gbóná bákan náà. Òrùlé páànù, títì ọlọ́dà àti ilẹ̀ tí iná ti jó máa ń tètè gbóná ju igbó àti odò lọ. Atẹ́gùn tó wà lórí irú ibẹ̀ a móoru, a fúyẹ́, a sì máa ru lọ sókè bí èéfín. Àwòdì tó bá bọ́ sínú rẹ̀ yóò na apá gbalaja, yóò máa yí po kó má baà jáde kúrò nínú rẹ̀, atẹ́gùn náà yóò sì máa gbé e lọ títí yóò fi kéré lójú ẹni tó ń wò ó. Nígbà tó bá ga tó, yóò kọjú sí ibi tó ń lọ, yóò máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi bá atẹ́gùn gbígbóná mìíràn pàdé. Báyìí ni ẹyẹ ńlá ṣe ń rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láìfi agbára ṣòfò. Àwọn àgbà tó sọ pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá, ti ṣàkíyèsí ẹyẹ yìí gidigidi.

Ṣé lóòótọ́ ni àwọn àṣá kan ń ti Yúróòpù wá sí apá ibí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Irú àṣá kan wà tó ń tú ilé agbón láti jẹ ọmọ inú rẹ̀. Ní ìparí oṣù Ògún sí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, kí òtútù tó dé, yóò gbéra ní Swídìn àti Fínláǹdì, yóò sì wá lo oṣù tó pọ̀ nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí pé atẹ́gùn kì í ru lórí òkun bó ṣe ń ru lórí ilẹ̀, àwọn àgbà nínú wọn máa ń yà gba Gibraltar, níbi tí omi tó wà láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà kò ti ju nǹkan bíi kìlómítà 14 lọ; lẹ́yìn ìyẹn, aginjù Sàhárà ló kù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn ọmọ wọn: àwọn òbí ti máa ń lọ ṣáájú, ọmọ tí wọ́n pa lọ́dún náà a sì dá wá ọ̀nà ara rẹ̀ dé Áfíríkà. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn onímọ̀ so mọ́ wọn lẹ́yìn, tí sátẹ́láìtì ń tọpa, ló jẹ́ kí a mọ̀.

Ìgbà wo ló dára jù láti wò wọ́n?

Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, nínú oṣù Bélú, kí ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀run. Etí Igbó Ọ̀ṣun dára púpọ̀, nítorí pé ọdẹ ṣíṣe jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Ìrù àwòdì là díẹ̀ láàárín, ó sì máa ń yí i sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń fò. Ìyẹn lẹ máa fi dá a mọ̀.

Gúnnugún tí a kò rí mọ́ ńkọ́, ṣé òun náà rìnrìn àjò ni?

Rárá o. Gúnnugún kì í bá àwòdì lọ, kì í sì í bá a bọ̀. Májèlé àti pípa tí wọ́n ń pa á fún egbòogi ló dín in kù, débi pé ní ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti kọ irú èyí tó ń gbé láàárín ìlú wa mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà ní bèbè ìparun. Ẹni tó bá rí ọ̀kan ní Òṣogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà àti ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos létí.