Afẹ́fẹ́ ìta kì í gba inú AC wọlé

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé tí AC bá wà, èéfín jẹnẹrétọ̀ ò lè ṣe ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní nǹkan kan. AC ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé láti ìta, asẹ́ inú rẹ̀ á sì ti sẹ èéfín kúrò." Ọmọkùnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Ayétòrò lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí mo ti lọ ra wáyà. Àwọn méjì tó jókòó tì í mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ayálégbé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fi iṣẹ́ AC jẹun. Ó ń bí mi nínú, nítorí pé àwọn tó gbà á gbọ́ ló ń ti fèrèsé pa, tí wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn yàrá, tí wọ́n á sì sùn.

Pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pa ènìyàn, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún ní Òṣogbo. Ìlú wa níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ ilẹ̀ kì í ṣú kí a má gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ láti Sábó títí dé Dàda Estate. Gbogbo wa la mọ èéfín. Ohun tí a kò mọ̀ ni ohun tó wà nínú ihò ara ògiri.

Ihò yẹn ni gbogbo àríyànjiyàn máa ń já sí. Bí mo bá ti ní AC kì í mú afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n á nàka sí ibi tí páìpù ti wọ ògiri: "Kí ló wá ń gba ibẹ̀ kọjá? Kí ni fáànù ńlá tó wà níta ń fẹ́?" Ìbéèrè gidi ni, ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ohun mẹ́rin ló ń gba ibẹ̀ kọjá: páìpù bàbà méjì, ọ̀kan tín-ín-rín, èkejì nípọn díẹ̀, wáyà iná, àti rọ́bà tí omi ń gbà jáde. Kò sí ìkarùn-ún. Inú páìpù bàbà méjèèjì ni gáàsì tí oníṣẹ́ máa ń rọ sí i wà, R-22 nínú àwọn ti àtijọ́, R-410A tàbí R-32 nínú àwọn tó dé lẹ́yìn. Gáàsì yìí ló ń ru ooru. Á gba ooru nínú yàrá, á gbé e jáde, á dà á síta, á tún padà wá gbé òmíràn, bí alágbàṣe tó ń ru yanrìn. Fáànù inú ilé ń fa afẹ́fẹ́ yàrá, ó ń gbé e gba ara irin tútù kọjá, ó sì ń fẹ́ ẹ padà sínú yàrá kan náà. Fáànù ìta ń fa afẹ́fẹ́ ìta, ó ń fẹ́ ẹ padà síta. Afẹ́fẹ́ méjèèjì kì í pàdé.

Ẹni tó bá ti dúró ti oníṣẹ́ nígbà tó ń gbé AC tuntun kọ́ ti rí ẹ̀rí rẹ̀, bóyá kò fiyè sí i ni. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á dí ẹnu páìpù kó tó tì í gba ihò, kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Tó bá ti so ó tán, á gbé ẹ̀rọ kan jáde, á fi fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù náà dànù kó tó tú gáàsì sílẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́. Páìpù tí a ń fi ẹ̀rọ lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, báwo ló ṣe máa wá jẹ́ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé? Omi tó ń kán níta náà, ọ̀rinrin inú yàrá yín ni. Èémí yín wà nínú rẹ̀.

Bí èyí kò bá tíì yé ẹnìkan, kó gbé ọbẹ̀ onírú wọ yàrá, kó tilẹ̀kùn, kó tan AC. Òórùn irú á bá a níbẹ̀ dàárọ̀.

Mo rò pé AC ojú fèrèsé ayé àtijọ́ ló bí ìgbàgbọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọwọ́ kékeré kan tí a lè fà kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè kọjá láàárín inú àti ìta. Mọ́tò náà ní bọ́tìnnì tí a fi ń yan afẹ́fẹ́ ìta tàbí ti inú.

Ti asẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Eruku ló ń mú, àti irun, àti òwú aṣọ. Ó yẹ ká máa fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ká sì fọ̀ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n carbon monoxide, májèlé inú èéfín náà, kì í ṣe eruku. Gáàsì ni, bí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ihò tí afẹ́fẹ́ bá gbà, òun náà á gbà á. Kódà asẹ́ HEPA, tó ń mú 99.97 nínú 100 eruku tó kéré tó 0.3 micron, kò lè mú un. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí ẹ kò bá gbọ́ òórùn èéfín mọ́, ìyẹn ò sọ pé májèlé ti lọ.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kánádà ní irú ìgbàgbọ́ yìí wà lọ́dọ̀ wọn náà. Furnace ni wọ́n fi ń mú ilé gbóná níbẹ̀. Iná gáàsì ń jó nínú irin, èéfín rẹ̀ ń gba páìpù tirẹ̀ jáde síta, afẹ́fẹ́ ilé sì ń gba ẹ̀yìn irin náà kọjá, kó tó gba ọ̀nà onípáànù dé yàrá gbogbo. Nígbà tó kó wọ ilé tuntun, asẹ́ tó ki jù lọ ló rà, ó rò pé á sẹ gáàsì burúkú. Oníṣẹ́ ló ní kó yọ ọ́. Asẹ́ tó bá ki jù fún ẹ̀rọ náà ń fún un lọ́rùn, irin á gbóná kọjá ààlà, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè sán, kí èéfín gba ibẹ̀ bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ilé. Ó tún sọ fún un pé ọfà tí wọ́n yà sí etí asẹ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí furnace, àti pé téèpù aláṣọ lásán kì í pẹ́ ṣí lára oríkèé páànù. Ohun tó ń ta wọ́n lólobó nípa carbon monoxide ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ké, tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ìsùn.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé òótọ́ ni ọmọkùnrin Ayétòrò yẹn ń sọ. Ibo ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí? Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ ẹ̀rọ AC tó wà níta gan-an. Bí AC bá ń fa afẹ́fẹ́ láti ibẹ̀, èéfín yẹn náà ni ì bá máa fà wọlé. Ó dákẹ́ nígbà tí mo bi í.

Mi ò sọ pé kò sí AC kankan tó ń mú afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Àwọn ilé ńláńlá kan ní ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún un, àwọn ti ara ògiri tuntun kan náà sì ní páìpù ọ̀tọ̀ fún un. Ó ṣeé ṣe kí tiyín wà lára wọn, ẹ wo ìwé tó bá a wá. Mi ò tíì rí ọ̀kan nínú àwọn ilé tí mo wọ̀ ní Òṣogbo.

Títí ẹ ó fi mọ̀, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sínú kíṣìnnì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí báńkónì, bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ni ó kéré tán sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Carbon monoxide ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má kọ́kọ́ wá oògùn ibà. Ẹ kó gbogbo wọn jáde síta, kí ẹ sì gbé wọn lọ ọ́sípítù.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ páìpù lára ihò yẹn. Afẹ́fẹ́ kì í gba inú páìpù wọlé, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá dí àyè tó yí i ká, èéfín lè gba ibẹ̀. Mo fi sìmẹ́ńtì dí ti yàrá mi ní Sátidé. Ẹsẹ̀ bàtà 14 péré la rí láàárín fèrèsé wa àti fẹ́ǹsì, nítorí náà a máa ń pa jẹnẹrétọ̀ kí a tó sùn, bí ooru ti wù kó mú tó.