Kí Ilé Má Bàjẹ́ Lẹ́yìn Ẹni, Kí Ọkọ̀ Má Dáni Dúró Lọ́nà

Ilé tí èèyàn ń gbé kì í yé bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ a kì í mọ̀, torí pé bó ṣe ń bàjẹ́ la ń tún un ṣe. Omi ń kán lábẹ́ síǹkì, ẹnì kan gbọ́ ọ, ó lọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ pa. Fèrèsé kan ò padé dáadáa, ẹni tó ń lọ sùn tì í. Wáyà ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, imú gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó di iná. Lọ́jọ́ tí gbogbo ará ilé bá ti ilẹ̀kùn tí wọ́n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú, etí àti imú tó ń ṣọ́ ilé yẹn ti bá wọn lọ.

Ọkọ̀ ní tiẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó ń bọ̀, tí kì í rìn ju ogún ìṣẹ́jú lọ kó tó dúró, lè ní àìsàn lára fún oṣù mẹ́fà kó má fọhùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó èèyàn márùn-ún àti ẹrù wọn sínú rẹ̀, tó sì sáré fún wákàtí mẹ́rin, ọjọ́ yẹn ni àìsàn náà máa jáde síta. Ìdí nìyí tó fi dáa kí ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ̀, nígbà tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó kan ilé. Bí táyà tàbí bátìrì bá yẹ ní pípààrọ̀, àyè á wà láti pààrọ̀ rẹ̀, àyè á tún wà láti fi ọkọ̀ náà rìn nítòsí, kéèyàn mọ̀ bóyá iṣẹ́ mẹkáníìkì dúró. Ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ tó fẹ́ lọ, ojú ọ̀nà ló ti máa dán iṣẹ́ náà wò.

Táyà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Òun nìkan ló ń kan ilẹ̀ nínú gbogbo ara ọkọ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi ń kan ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe rọ́bà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dín, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á tún máa nà, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yí. Ẹni tó bá ti mú wáyà tín-ín-rín rí, tó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn léraléra, á ti rí i pé ojú ibi tó ń tẹ̀ yẹn máa ń gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti táyà. Ooru yẹn á mú kí rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára wáyà àti okùn tí wọ́n hun sínú rẹ̀, bó bá pẹ́, táyà á bẹ́ lórí eré. Ẹrù tó pọ̀, eré àti oòrùn ọ̀sán ń ti ooru náà lẹ́yìn ni. Ohun tó ń jẹ́ kí táyà tó ń rìn nínú ìlú láìbẹ́ wá bẹ́ lọ́nà jíjìn nìyẹn.

Ibo lèèyàn ti máa mọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ? Kì í ṣe lára táyà. Iye tó pọ̀ jù lọ tí táyà lè gbà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tó bá ọkọ̀ mu wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì rèé, iye méjì ló máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ìgbà tí ọkọ̀ fúyẹ́, ọ̀kan fún ìgbà tó kún. Ti ìgbà tó kún ni ká lò fún ìrìn àjò ìsinmi. Àárọ̀ kùtù kí ọkọ̀ tó rìn ló dáa jù láti wọ̀n ọ́, tàbí lẹ́yìn tó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Afẹ́fẹ́ inú táyà tó gbóná ti wú, gééjì á ní ó pọ̀ jù, ẹni tí kò mọ̀ á tú díẹ̀ dànù, nígbà tí táyà bá fi máa tutù, ó ti dín.

Táyà tún máa ń dàgbà. Lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí lẹ́tà DOT wà, nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń parí ìlà náà. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní kí wọ́n pààrọ̀ táyà bó bá ti pé ọdún mẹ́fà, èyí tó bá sì ti pé mẹ́wàá, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jin bíi ti tuntun, kò yẹ ní ohun tí wọ́n ń kó ọmọ lé. Rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ nínú. Ní ti ojú táyà, ìyẹn àwọn ilà jíjìn tó wà lára rẹ̀, mìlímítà 1.6 ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní jíjìn wọn kò gbọ́dọ̀ dín sí, torí ojú yẹn ló ń la ọ̀nà fún omi òjò. Táyà tí ojú rẹ̀ ti jẹ tán, á léfòó lórí omi ni, sítíárìn á sì fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Sípéà ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ó ti lè lo ọdún mẹ́ta nínú búùtù láìsí ẹni tó fi gééjì kàn án.

Búrèkì ló tẹ̀ lé e. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé búrèkì máa ń jẹ tán, pé ó máa ń han bó bá ti kù díẹ̀. Èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yé èèyàn ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì búrèkì. Ọ́ìlì yìí ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tó kún bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, tí awakọ̀ ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrèkì, ooru á dé inú ọ́ìlì náà, omi tó wà nínú rẹ̀ á hó, á di èéfín. Ọ́ìlì kì í ṣeé fún pọ̀, ìyẹn ni agbára ẹsẹ̀ ṣe ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Èéfín ṣeé fún pọ̀. Awakọ̀ á tẹ búrèkì, á rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, ọkọ̀ ò ní dúró. Pípààrọ̀ ọ́ìlì náà ní nǹkan bí ọdún méjì méjì, bí ìwé ọkọ̀ bá ṣe sọ, ló ń dènà rẹ̀. Ohun kejì ni kéèyàn fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Omi rédíétọ̀, àárọ̀ tí ẹ́ńjìnì tutù nìkan là ń wò ó. Omi lásán ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n ọmọrí rédíétọ̀ ń sé agbára mọ́ inú, kí omi àti kúláàntì tó wà níbẹ̀ lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ láìhó. Ẹni tó bá ṣí ọmọrí náà nígbà tó gbóná ti tú agbára yẹn sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á tú sí i lójú. Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná bá gòkè lọ́nà, ká yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká pa ẹ́ńjìnì, ká ní sùúrù títí ọwọ́ á fi lè kan páìpù rẹ̀ láìjó. Kò sí ìkánjú tó tó ojú.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, wáípà, gbogbo ìwọ̀nyí ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bátìrì tó yó máa ń fi fóltì 12.6 hàn nígbà tí ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́. Èyí tó ti lo ju ọdún mẹ́ta lọ, ká jẹ́ kí mẹkáníìkì wọ̀n ọ́, torí ooru ló ń pa bátìrì ju òtútù lọ, òtútù kàn máa ń tú àṣírí rẹ̀ ni.

Bí a ṣe ń kó ẹrù ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ náà ń rìn bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá dúró lójijì, ike omi tí wọ́n gbé sẹ́yìn ìjókòó ò ní dúró, orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń lọ. Ohun tó wúwo ní láti wà nísàlẹ̀ búùtù, kó fara ti ẹ̀yìn ìjókòó. Èyí tó fúyẹ́ lè wà lókè. Jáàkì, sípánà, tọ́ọ̀ṣì àti àmì onígun mẹ́ta ní láti wà níbi tọ́wọ́ ti lè tó wọn láìtú gbogbo ẹrù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní òru.

Nínú ilé, omi ni ká kọ́kọ́ bẹ̀rù. Tọ̀sán tòru ni omi ń ti páìpù láti inú, ó sì sábà máa ń le sí i lóru nígbà tí àwọn aládùúgbò ò lò ó. Páìpù rọ́bà tó lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ọ̀kan lára ibi tó máa ń kọ́kọ́ já. Bó bá já nígbà tí èèyàn wà nílé, ilẹ̀ á tutù, wọ́n á nù ún. Bó bá já lọ́jọ́ kejì ìsinmi, omi á máa ṣàn fún ọjọ́ méjìlá. Fáàfù ńlá tó ń fún gbogbo ilé lómi ló yẹ ká tì, ká sì wá ṣí ẹ̀rọ omi kan kí èyí tó kù nínú páìpù jáde. Ilé tó ní ẹ̀rọ tó ń fi omi pa iná fúnra rẹ̀ ni kò yẹ ká ti omi ìyẹn pa. Níbi tí omi ti ń dì, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Bí omi bá dì, á fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, irin ò sì lè fẹ̀ bẹ́ẹ̀, páìpù á là. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná pátápátá níbẹ̀.

Páìpù abẹ́ síǹkì máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí ìgbọ̀nwọ́. Omi díẹ̀ tó jókòó síbi tó tẹ̀ yẹn ni ilẹ̀kùn tó ń dí òórùn àti kòkòrò lọ́nà láti ojú ìdọ̀tí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi náà á gbẹ, ilẹ̀kùn náà á sì ṣí. Ká da omi sí gbogbo síǹkì àti ibi ìwẹ̀ kí á tó jáde, ká wá da òróró díẹ̀ lé e. Òróró á léfòó sókè, kò sì ní jẹ́ kí omi tètè gbẹ.

Tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti ohun tó jọ wọ́n, ká yọ wọ́n lára ògiri, ká má kàn pa súwíìṣì. Mànàmáná lè fo àlàfo kékeré tó wà nínú súwíìṣì, iná tó sì lọ tó wá padà dé pẹ̀lú agbára tó le ju bó ṣe yẹ lọ ti ba ẹ̀rọ púpọ̀ jẹ́. Sílíńdà gáàsì, lórí rẹ̀ ni ká ti tì í, kì í ṣe lára sítóòfù nìkan. Fíríìjì tí wọ́n bá pa, ká kó gbogbo ohun inú rẹ̀ jáde, ká nù ún gbẹ, ká sì fi ohun kan há ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó má padé, torí inú rẹ̀ á bu bí afẹ́fẹ́ ò bá wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá fi fíríìsà sílẹ̀ lórí iná lè fi ife omi kan dì síbẹ̀, kó gbé owó ẹyọ lé orí yìnyín náà. Bó bá padà dé tó bá owó náà nísàlẹ̀ ife, iná ti lọ pẹ́ nígbà kan, ohun tó wà níbẹ̀ ti yọ́, ó sì ti tún dì. Kò yẹ ní jíjẹ mọ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Olè máa ń ka ilé bí ẹni ka ìwé. Iná tó ń tàn lọ́sàn-án gangan, páálí ẹrù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta, koríko tó ga, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kékeré aláàgo tó ń tan iná nírọ̀lẹ́, tó sì ń pa á lóru, dáa ju iná tó tàn ní gbogbo ìgbà lọ. Àwòrán ìsinmi tí wọ́n gbé sórí Facebook lọ́jọ́ kejì burú ju koríko lọ, torí ó sọ ọjọ́ náà pàtó. Ní ti ilẹ̀kùn, bí olè bá fi ẹsẹ̀ tì í, férémù ló sábà máa ń ya kí kọ́kọ́rọ́ tó ṣẹ́, nítorí síkúrù kúkúrú ni wọ́n sábà fi ń kan irin tó ń gba ahọ́n kọ́kọ́rọ́. Síkúrù tó gùn tó mìlímítà 75, tó kọjá férémù wọnú igi ara ògiri, owó kékeré ni, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó dà bí aládùúgbò. Kọ́kọ́rọ́ nìkan kọ́ ló yẹ ká fún un. Ká mú un rìn nínú ilé, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti fáàfù omi lẹ́ẹ̀kan, kó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa iná, kó sì ní nọ́ńbà fóònù tó ń lọ.

Oorun awakọ̀ wà lára ìmúrasílẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo òru di ẹrù, tó sì gbéra ní ìdájí, bí ojú rẹ̀ bá pa dé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré lórí eré 100, ọkọ̀ ti rin ju mítà 110 lọ láìsí ẹni tó ń wà á. Ẹrù tí kò bá tíì wọ ọkọ̀ nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, kó dúró di àárọ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo ará ilé bá ti wọ ọkọ̀ tán, kí ẹnì kan ṣoṣo padà wọlé, kó fi fóònù ya àwòrán sítóòfù, sílíńdà àti fáàfù omi. Iyèméjì sábà máa ń dé lẹ́yìn ọgọ́rin kìlómítà, àwòrán yẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́rí padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, imú ni kó kọ́kọ́ wọlé. Bí òórùn gáàsì bá wà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan súwíìṣì. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí wọ́n jáde, kí wọ́n ti ìta pe àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọn. Bí kò bá sí òórùn, kí wọ́n ṣí fáàfù omi díẹ̀díẹ̀, kí ilé pa rọ́rọ́, kí wọ́n tẹ́tí sí ara ògiri fún ìṣẹ́jú kan bóyá nǹkan ń kán.