Bí áàpù ṣe ń wá èèyàn kàn: iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù orí fóònù

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣọ́ọ̀bù áàpù kò ju àmì kékeré kan lójú fóònù lọ: wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọ orúkọ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n á dáńlóòdù rẹ̀, ó tán. Ní Ìkòròdú, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ débẹ̀ fúnra wọn. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Sábó ló ń bá wọn kó WhatsApp, áàpù báǹkì àti áàpù bọ́ọ̀lù sórí ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà á. Iṣẹ́ ńlá ló ń lọ lẹ́yìn àmì kékeré yẹn, iṣẹ́ náà sì ń yí padà. Èèyàn ló ń lọ bá áàpù tẹ́lẹ̀. Ó ti ń di pé áàpù ló ń wá bá èèyàn, nítorí fóònù ń sọ ibi tí ẹni tó ni ín wà, aago tó lù, àti bóyá ó jókòó, ó ń rìn ni, àbí ó wà nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2008 ni Apple ṣí App Store pẹ̀lú áàpù bíi 500. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni Google ṣí Android Market, èyí tó yí orúkọ padà sí Google Play ní oṣù Kẹta ọdún 2012. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ géèmù sórí Nokia rẹ̀ á tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí nọ́ńbà kan, wọ́n á yọ owó nínú káàdì tó kó sínú fóònù, tàbí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi Bluetooth ta á sí i. Títa á sí ara ẹni kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ o. Xender ṣì wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi dátà ṣòfò.

Kí áàpù tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó kọ ọ́ á kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Google ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Apple ń gba 99 lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà, á di áàpù rẹ̀ sínú fáìlì, á sì fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lù ú. Ìṣirò ni òǹtẹ̀ náà, ẹlòmíràn kò sì lè ṣe irú rẹ̀ láìní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí ẹni tó kọ áàpù fi pamọ́. Bí ápìdéètì bá dé tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò bá ti àkọ́kọ́ mu, Android á lé e padà. Ìdí nìyẹn tí áàpù tí èèyàn gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ fi máa ń kọ ápìdéètì látinú ṣọ́ọ̀bù nígbà mìíràn: ẹnì kan ti tú u wò, ó sì ti tún un dì. Ohun tí onítọ̀hún fi kún un, òun nìkan ló mọ̀.

Ẹ̀rọ á yẹ fáìlì náà wò bóyá kóòdù burúkú wà nínú rẹ̀; lọ́dọ̀ Apple, ojú èèyàn gan-an ń tó o, Google náà sì ń lo èèyàn nígbà mìíràn. Ohun tó tẹ̀ lé e kì í hàn sí oníbàárà rárá. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021, áàpù tuntun kò lè wọ Google Play gẹ́gẹ́ bíi fáìlì APK kan ṣoṣo mọ́, ìyẹn irú fáìlì tí wọ́n ń di áàpù Android sí. Ẹni tó kọ ọ́ á kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ fún Google, Google á wá gé èyí tó bá fóònù kọ̀ọ̀kan mu: bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó, irú ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀, èdè tí wọ́n fi ń lò ó. Áàpù kan náà lè gba dátà díẹ̀ lórí itel, kó sì gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí Samsung. Nítorí náà, kí èèyàn tó tẹ bọ́tìnì ni ṣọ́ọ̀bù ti mọ fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti owó, Apple àti Google ń yọ owó tó lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára ohun tí wọ́n bá tà nínú áàpù. Láti ọdún 2021, wọ́n ń gba 15 lọ́wọ́ àwọn tí owó wọn kò ju mílíọ̀nù dọ́là kan lọ lọ́dún. Ohun tí inú fóònù nìkan là ń lò ó sí lèyí kàn, bíi géèmù àti owó oṣooṣù orí áàpù. Ẹni tó ń fi áàpù ta ẹja láti Ẹ̀pẹ́ tàbí tó ń fi í pe ọkọ̀ kò san ìdá yìí. Ìdá 30 yẹn ló mú kí Epic Games, tó ni géèmù Fortnite, gbé ilé iṣẹ́ méjèèjì lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Ó borí Google ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, òfin tuntun ilẹ̀ Yúróòpù fi dandan mú Apple kó gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn láyè lórí iPhone níbẹ̀.

Fún àwa níbí, ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ lórí fóònù kan kì í ṣe ìròyìn. Tecno, Infinix àti itel ń gbé Palm Store wá láti ilé iṣẹ́ wọn, Huawei ní AppGallery, Samsung ní Galaxy Store. Àwọn èèyàn ń dáńlóòdù níbẹ̀, wọ́n sì rò pé Google Play ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Google kéde pé òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdánimọ̀ ẹni tó kọ áàpù, kódà bí áàpù náà kò bá gba inú ṣọ́ọ̀bù òun wá. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin, tí Brazil àti Indonesia wà lára wọn, ni wọ́n ní yóò kọ́kọ́ kàn ní ọdún 2026. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ àwọn ọmọ Sábó tó ń kó áàpù látinú mẹ́mọ́rì káàdì máa yí padà.

Èyí tó yẹ kéèyàn fojú sí dáadáa ni bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń yan ohun tó máa hàn lókè. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá títì lọ́jà ló ń rí oníbàárà àkọ́kọ́, ìsọ̀ ẹ̀bá títì sì kéré níye. Ṣọ́ọ̀bù ń wo ọ̀rọ̀ téèyàn kọ, iye àwọn tó ti dáńlóòdù áàpù náà, iye àwọn tó yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń kú lójijì tó, àti ìlú tí fóònù wà. Ẹni tó bá lówó lè ra àyè òkè. Áàpù tí ọmọ Ìkòròdú kan kọ fún àwọn ará Ìkòròdú lè sùn sísàlẹ̀ pátápátá, torí iye èèyàn tó wúlò fún kéré lójú ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo Nàìjíríà pọ̀. Ibí yìí ni mímọ ipò èèyàn ti lè yí nǹkan padà: bí fóònù bá mọ̀ pé Agric ní Ìkòròdú lẹnì kan wà, áàpù tó wúlò ní Agric nìkan lè gòkè fún un.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ní ọdún 1992, Roy Want àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yàrá ìwádìí Olivetti ní Cambridge ṣàlàyé báàjì kan tí òṣìṣẹ́ ń fi sáyà, tó ń fi iná tójú kò lè rí sọ yàrá tí ẹni náà wà, kí wọ́n lè darí ìpè tẹlifóònù lọ bá a níbẹ̀. Ohun tí báàjì yẹn ń ṣe nínú ilé kan ni fóònù ń ṣe káàkiri ayé báyìí.

Nínú àwọn ọ̀nà tí fóònù ń gbà mọ ibi tó wà, GPS ló péye jù. Sátẹ́láìtì rẹ̀ tó lé ní 24 ń yí ayé ká ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kéde aago tirẹ̀ sílẹ̀ láìdákẹ́. Fóònù á wo bí ìkéde náà ṣe pẹ́ tó lọ́nà, á fi mọ bí sátẹ́láìtì ṣe jìnnà tó. Bó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti mọ ibi tó wà. Ní gbangba, àṣìṣe rẹ̀ kì í ju mítà mélòó kan lọ. Lábẹ́ páànù ọjà, ó lè ṣìnà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òpó kò mọ̀ ju àdúgbò lọ. Wi-Fi ló gbọ́n jù láàárín ilé. Fóònù kò nílò kó wọ Wi-Fi ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gbọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ èyí tó wà nítòsí, á sì béèrè ibi tí wọ́n wà lọ́wọ́ Google tàbí Apple. Fóònù àwọn tó ti kọjá níbẹ̀ ti fi ìdáhùn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ìmì fóònù á sọ bóyá èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn tàbí ó wà nínú dánfó. Bí fóònù kan bá ń sùn síbì kan lóru, tó ń kúrò ní aago márùn-ún àárọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó ń rìn tó ń dúró títí dé Mile 12, kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ̀rọ pé ilé rèé, ibi iṣẹ́ rèé. Ó ti mọ̀. Ìlà pupa tí máàpù ń fà sójú ọ̀nà Ìkòròdú lárọ̀ọ̀ọ̀rọ̀, àwọn fóònù tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ló ń fà á.

Bí áàpù bá fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ níbì kan pàtó, á fa òbìrí sórí máàpù, á sì gbé e fún fóònù kó máa bá òun ṣọ́ ọ. Android ń gba òbìrí 100 lọ́wọ́ áàpù kan, iPhone ń gba 20. Ó yẹ kí òbìrí náà fẹ̀ tó mítà 100 ó kéré tán láti àárín rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa pàdánù èèyàn. Láti lè tọ́jú bátìrì, fóònù kì í wò ó ní gbogbo ìgbà. Ìkìlọ̀ lè pẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀ BRT tó ń sáré, ó ti kọjá ibi tí wọ́n ń pè é sí nìyẹn.

Gbogbo èyí kò tíì sọ pé fóònù mọ ìlú. Bí wọ́n bá kéde ọjọ́ Orò Màgbó ní Ìkòròdú, tí wọ́n ní kí obìnrin má jáde, sẹ́ńsọ̀ kankan kò lè gbọ́ ọ. Ọkọ̀ á dín kù lójú ọ̀nà, máàpù á sì kun ọ̀nà ní àwọ̀ ewé, bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ló dára jù láti jáde. Bákan náà ni bí ewé orí omi bá dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ní Ìpákodò. Ẹ̀rọ ń ka ìrìn. Kò ka ìdí tí ìrìn fi dúró. Àwọn tó ń ta irú ètò yìí kì í sábà sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìlú wà.

Àṣẹ ni ilẹ̀kùn gbogbo rẹ̀. Láti Android 10, ní ọdún 2019, èèyàn lè sọ pé kí áàpù mọ ibi tóun wà kìkì nígbà tóun bá ń lò ó. Ọdún tó tẹ̀ lé e gbé àṣẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo wá. Android 12, ní 2021, gbà kéèyàn fún un ní àdúgbò nìkan láìfún un ní ojúlé. Áàpù ojú ọjọ́ kò nílò ju àdúgbò lọ. Èyí tó bá ń béèrè ojúlé lọ́sàn-án lóru, ó lè jẹ́ pé ó ń ta á fún ẹnì kan. Àwọn áàpù tó ń yáni lówó ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ rí ohun tí àṣẹ kan lè dá sílẹ̀, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ìtìjú sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ẹni tó jẹ gbèsè. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google kò gba irú áàpù bẹ́ẹ̀ láyè mọ́ láti wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìròyìn ara ẹni ní Nàìjíríà, èyí tó fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àṣẹ tó ti fún ilé iṣẹ́ padà.

Níbi tọ́rọ̀ ń lọ, àmì áàpù fúnra rẹ̀ lè dín kù lójú fóònù. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni WeChat ní Ṣáínà ti ń ṣí áàpù kéékèèké láàárín ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í dáńlóòdù: èèyàn á fi kámẹ́rà wo àmì kan lára ògiri, áàpù á ṣí, á sì lọ nígbà tó bá ṣetán. Apple àti Google náà ń jẹ́ kí áàpù kọ àwọn iṣẹ́ tó lè ṣe sílẹ̀ fún fóònù, kí olùrànlọ́wọ́ tó ń gbọ́ ohùn lè yan èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, OpenAI bẹ̀rẹ̀ sí í gbé áàpù àwọn ẹlòmíràn sínú ChatGPT, ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ lọ sí Ìgbógbó kò ní rí àtẹ áàpù mọ́. Ìdáhùn kan ló máa rí. Ẹni tó ń yan ìdáhùn yẹn ti gba ipò ẹni tó ń ṣètò àtẹ, èyí sì le ju ìdá 30 lọ, torí ohun tí a kò fi hàn èèyàn, kò lè bèèrè rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí kò tọ́ sí àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Fóònù ńlá lè fi ọpọlọ tirẹ̀ ro gbogbo èyí, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni níta. Fóònù olówó pọ́ọ́kú kò lágbára ẹ̀. Á fi ibi téèyàn wà àti ohun tó sọ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó jìnnà, á sì fi dátà rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó ra fóònù tó kéré ló ń sọ púpọ̀ nípa ara rẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́ yẹn kò sì lè dáhùn ohun tí kò sẹ́ni tó kọ fún un. Irú fáìlì kan wà tí máàpù ń ka àkókò ọkọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Portland ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005. Dánfó kò ní àkókò, ṣùgbọ́n fáìlì náà gbà kéèyàn kọ pé ọkọ̀ kan ń jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ibi tí wọn kò bá ti kọ ti ọkọ̀ ojú omi sí i, fóònù á máa darí ẹni tó dúró sẹ́nu ẹ̀bùtẹ́ Ìpákodò padà sójú ọ̀nà Mile 12.