Ìrìn afẹ́ pẹ̀lú amọ̀nà ní Shirakawa-gō

Shirakawa-gō jẹ́ agbègbè olókè ní àfonífojì odò Shō, ní ìpínlẹ̀ Gifu, ní agbedeméjì orílẹ̀-èdè Japan. Abúlé Ogimachi ló tóbi jù níbẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bá lọ. Àwọn ilé onígi tí wọ́n fi bẹẹrẹ bò ló sọ ibẹ̀ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Òrùlé wọn ga ju ara ilé lọ, ó sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ọwọ́ ẹni tó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ láti gbàdúrà. Ohun tí gasshō, orúkọ tí wọ́n ń pe irú ilé yìí, túmọ̀ sí nìyẹn. Ní 1995, àjọ UNESCO kọ Ogimachi sínú ìwé Ogún Àgbáyé pẹ̀lú abúlé méjì tí ó wà ní Gokayama ní ìpínlẹ̀ Toyama, èyíinì ni Ainokura àti Suganuma.

Ènìyàn lè dá rin Ogimachi láàárín wákàtí kan, kí ó ya fọ́tò bó ṣe wù ú, kí ó sì padà láìmọ ìdí tí òrùlé fi rí bẹ́ẹ̀. Ibi òrùlé yìí gan-an ni iṣẹ́ amọ̀nà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ohun yòókù ní abúlé náà wà, ìbáà ṣe ọ̀nà àtijẹ tàbí àjọṣe láàárín ará àdúgbò.

Dídé sí abúlé

Kò sí ọkọ̀ ojúirin tó dé Ogimachi. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀. Láti ìlú Takayama, nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú ni. Láti Kanazawa, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò ní Nagoya náà máa ń kó àlejò lọ-bọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ọ̀nà márosẹ̀ tó gba inú àwọn òkè yìí, tí ihò abẹ́ òkè pọ̀ lórí rẹ̀, parí ní 2008. Kí ọ̀nà tó dáa tó dé agbègbè náà, yìnyín máa ń há àwọn ará abúlé mọ́ fún ìgbà pípẹ́ lọ́dọọdún.

Òdìkejì odò ni ibi ńlá tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ àlejò sí wà. Afárá Deai, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 107, ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn gbà láti ibẹ̀ wọ abúlé. Gbígbé ni wọ́n gbé e kọ́, ó sì máa ń mì díẹ̀ bí èrò bá pọ̀ lórí rẹ̀. Kí àlejò tó wọlé ni amọ̀nà máa ń ka èèwọ̀ ibẹ̀ sí i létí: a kì í mu sìgá níta àyàfi níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, a kì í da ìdọ̀tí sílẹ̀, ẹni tó bá mú nǹkan wá ni yóò kó pàǹtí rẹ̀ lọ, a kì í gba inú oko ìrẹsì kọjá, a kì í sì í yọjú wo inú ilé onílé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti dún lọ. Nǹkan bí 1,500 ènìyàn ló ń gbé ní gbogbo Shirakawa, ṣùgbọ́n ní 2019 nìkan, àlejò tó wá síbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Aṣọ tí wọ́n sá síta àti ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ohun àfihàn. Ilé ènìyàn ni.

Òrùlé

Òrùlé gasshō dà tó ìwọ̀n 60 dígírì. Yìnyín tó ń bọ́ ní àfonífojì yìí lè ga ju mítà méjì lọ, omi inú rẹ̀ sì wúwo. Bí òrùlé bá tẹ́jú, yóò wó. Amọ̀nà yóò tún ní kí àlejò wo ọ̀nà tí àwọn ilé náà kọjú sí. Ìhà kan náà ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí: orí ilé onígun mẹ́ta wà ní àríwá àti gúúsù, ẹ̀gbẹ́ òrùlé méjèèjì sì wà ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Atẹ́gùn tó ń gba àfonífojì kọjá kì í rí ojú òrùlé gbá, oòrùn òwúrọ̀ á yọ́ yìnyín ẹ̀gbẹ́ kan, ti ìrọ̀lẹ́ á yọ́ ti èkejì.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ló máa ń kọ́ ìsàlẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń gbé òrùlé lé e. Wọn kì í kan ìṣó mọ́ igi òrùlé. Okùn koríko ni wọ́n fi ń dì í, pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù kan tí wọ́n ń pè ní neso. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, ó rọ̀ débi pé wọ́n á lọ́ ọ bí okùn. Bó bá gbẹ tán, ó le, ó sì fún igi pinpin. Ìdí àwọn igi ńlá tó gbé òrùlé dúró tún rí ṣóńṣó, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ìtí igi ni wọ́n tì í bọ̀. Nígbà tí ìjì bá jà, òrùlé á fì díẹ̀, á sì padà sípò.

Nínú ilé

Ilé Wada ni ilé gasshō tó tóbi jù ní Ogimachi. Ó ti tó nǹkan bí 300 ọdún, ìjọba sì ti kà á mọ́ ohun ìní pàtàkì orílẹ̀-èdè. Ìdílé tó ni ín ṣì ń gbé apá kan níbẹ̀. Apá yòókù ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àlejò tó bá san owó ìwọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà. Ẹní tatami ló wà nílẹ̀, pẹpẹ ẹ̀sìn Búdà sì wà ní iyàrá pàtàkì.

Ojú ààrò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ láàárín ilé, irori lórúkọ rẹ̀, ni amọ̀nà kì í sáré kọjá. Iná igi ń jó níbẹ̀, kò sì sí ihò tí wọ́n ṣe fún èéfín láti jáde. Ṣe ni èéfín ń gba àárín pákó àjà gòkè lọ títí á fi dé abẹ́ bẹẹrẹ. Òun ló ń lé kòkòrò, òun ló ń jẹ́ kí koríko gbẹ, òun náà ló kun igi òkè dúdú mirinmirin. Ilé tí wọn kò dáná nínú rẹ̀ mọ́, òrùlé rẹ̀ kì í pẹ́ jẹrà.

Àtẹ̀gùn igi tó dúró ṣánṣán ló lọ sí òkè àjà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin kòkòrò ṣẹ́dà láyé àtijọ́. Kò dà bí kòkòrò sányán tí wọ́n ń ṣà nínú igbó nílẹ̀ Yorùbá. Ewé ni wọ́n ń já fún ti Japan nínú ilé lórí pẹpẹ àtẹ, ooru ààrò ìsàlẹ̀ sì ń mú un móoru. Abẹ́ ilé ni òwò kejì wà. Wọ́n á po erùpẹ̀ pọ̀ mọ́ koríko, ìgbẹ́ kòkòrò ṣẹ́dà àti ìtọ̀ ènìyàn, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n á fi omi sẹ́ ẹ, wọ́n á sì sè é títí iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn yóò fi jáde. Ìdílé Wada lọ́wọ́ nínú òwò iyọ̀ yìí. Ní Gokayama, ìjòyè Kaga ni wọ́n ń kó o fún. Òwò náà kú nígbà tí irú rẹ̀ tó rọjú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti òkè òkun.

Yui

Òrùlé bẹẹrẹ kan máa ń lò tó 30 sí 40 ọdún kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, kò sì sí ìdílé tó lè dá a ṣe. Yui ni orúkọ ètò tí wọ́n fi ń ṣe é. Ó jọ àáró ní ti pé gbèsè ni, ẹni tí wọ́n bá bá ṣe gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn ṣe. Ó jọ ọ̀wẹ̀ ní ti pé gbogbo abúlé ló ń jáde. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn sí igba lè wà lórí òrùlé kan ṣoṣo, kí wọ́n sì parí ẹ̀gbẹ́ kan láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà tí àwọn obìnrin ń gbọ́únjẹ nísàlẹ̀. Lóde òní, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ bẹẹrẹ ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, owó ìjọba sì ń ran onílé lọ́wọ́.

Iná ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Àwọn ẹ̀rọ ìfọ́nmi wà káàkiri abúlé, inú àwọn ahéré kéékèèké ni wọ́n fi púpọ̀ nínú wọn pamọ́ sí. Wọ́n máa ń dán gbogbo wọn wò lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ìwọ́wé, omi á sì bo òrùlé mọ́lẹ̀ bí ìkúukùu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, iná sọ nínú ahéré kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ àlejò sí. Wọ́n tan àwọn ẹ̀rọ náà, kò sì sí ilé gasshō tó jóná.

Bí abúlé náà ṣe ṣẹ́kù

Ọ̀pọ̀ abúlé bíi tirẹ̀ ti lọ. Ìdídò Miboro, tó parí ní 1961, gbé àwọn ibùgbé kan mì ní òkè odò Shō. Àwọn mìíràn tú ká nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ lọ wáṣẹ́ nílùú ńlá. Ayàwòrán ilé ará Jámánì, Bruno Taut, ti dé agbègbè náà ní 1935, ó sì yin ọgbọ́n tó wà nínú ìkọ́lé wọn, ṣùgbọ́n ìyìn kò dá ilé dúró. Ní 1971, àwọn ará Ogimachi kó ara wọn jọ, wọ́n sì fẹnu kò sórí nǹkan mẹ́ta: a kò ní tà, a kò ní yáni, a kò ní wó. Ní 1976 ni ìjọba Japan sọ abúlé náà di àgbègbè tí òfin dáàbò bò.

Òkè Shiroyama, níbi tí ilé olódi wà láyé ìjọun, ni àwọn àlejò ti ń wo gbogbo abúlé lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, wọ́n máa ń tan iná sára àwọn ilé ní àwọn alẹ́ kan. Ẹni tí kò bá ti gba àyè sílẹ̀ kò lè wọlé. Láàárín oṣù kẹwàá ni ọdún Doburoku, tí wọ́n máa ń bu ọtí ìrẹsì tí wọn kò sẹ́ fún èrò ní ojúbọ.

Lódì kejì odò, wọ́n ṣa àwọn ilé gasshō tí wọ́n tú láti ibòmíràn jọ sí ọgbà kan. Láti Kazura ni àwọn kan ti wá, abúlé tí gbogbo ará rẹ̀ ṣí kúrò ní 1967. Àlejò lè wọ inú wọn wò láìdààmú onílé, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Ní Ogimachi, bọ́ọ̀sì á ti kó ọ̀pọ̀ èrò lọ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ìwọ̀nba àlejò tó wọ̀ sí àwọn ilé onílé tó ń gbàlejò ló máa ń kù, wọ́n á jókòó yí ààrò ká, wọ́n á jẹ ẹja odò tí wọ́n yan, èéfín á sì máa gòkè lọ sínú bẹẹrẹ.