Àgbàrá ni o, kì í ṣe "omi ìjì"

Ta ló kọ́kọ́ pe àgbàrá ní "omi ìjì" gan-an? Gbogbo ìwé tó bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹsitéètì tuntun báyìí, ẹ máa bá a níbẹ̀. Ìjì, atẹ́gùn ni, ó lè jà títí kí ẹ̀kán omi kan má bọ́ sílẹ̀. Omi òjò tí ilẹ̀ ò rí mu, tó wá ń wọ́ lọ sísàlẹ̀, ó ti lórúkọ tipẹ́, òun náà la fi ń pòwe pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi "omi ìjì" pa òwe yẹn, kó máa pa á lọ.

Èyí tó tún bí mi nínú jù ni "adágún omi ìjì", tí wọ́n fi ń pe kòtò ńlá tí àwọn ẹnjiníà ń gbẹ́ sápá ìsàlẹ̀ ẹsitéètì. Adágún kọ́! Adágún, omi ń wà nínú ẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni. Kòtò tí mò ń sọ yìí, gbígbẹ ló yẹ kẹ́ ẹ máa bá a, bí òjò ńlá bá rọ̀ ó yẹ kó ti gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn á ti máa yé síbẹ̀. Ẹ wá wo ewu tó wà nínú orúkọ burúkú yẹn: ẹni tí wọ́n sọ fún pé adágún ni, tó débẹ̀ tí ò bá omi, á ní ó ti bà jẹ́ nìyẹn, àbí pé ilẹ̀ òfìfo ni, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n á gé e tà. Àwọn kan tún ń pè é ní sọ́kàwéè. Sọ́kàwéè ń fún ilẹ̀ lómi mu ni, èyí ń dá omi dúró kó tó tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí mo fi ń pè é ní kòtò adágbàrádúró nìyẹn. Ẹnì kan ní ó ti gùn jù. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ ò ní béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Yálà koríko ló wà nínú ẹ̀ o, àbí kọnkéré, àbí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, bákan náà ni lójú tèmi.

Ẹ wo àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sínú ìgò. Ẹnu ẹ̀ fẹ̀, ìdí ẹ̀ tín-ín-rín. Bó ti wù kẹ́ ẹ yára dà á tó, bí ìdí ẹ̀ bá ṣe mọ ni epo á ṣe máa jáde, ìyókù á dúró sínú àrọ de àyè tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì dà á jù, á gba ẹnu ṣàn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòtò yìí: páìpù kékeré wà nídìí ẹ̀, ojú àkúnya sì wà lókè tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, kí omi má baà já etí ẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ju èyí tí wọ́n ṣírò.

Ìṣirò ọ̀hún náà ò le. Ká ní òjò mìlímítà 50 ní wákàtí kan rọ̀ sórí hẹ́kítà kan. Nígbà tí koríko ṣì wà níbẹ̀, tí ìdá 0.2 nìkan nínú òjò yẹn ń ṣàn lọ, nǹkan bíi lítà 28 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ kọ́lé sí i, ẹ da ọ̀dà sójú títì, ìdá yẹn di 0.7, omi di lítà 97. Òjò kan náà o! N ò sì tíì ka pé orí ọ̀dà omi máa ń sáré ju orí koríko lọ. Iṣẹ́ páìpù ìdí kòtò yẹn ni kó dá a padà sí bíi 28. Ẹni tó ní ká ṣáà la gọ́tà fífẹ̀, ó kàn ń bá wa yára gbé wàhálà lọ fún ará ìsàlẹ̀ ni.

Kòtò adágbàrádúró yìí ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ kí wọ́n tó kọ́lé kankan, torí ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣì wà níhòòhò ni àgbàrá ń kó yẹ̀pẹ̀ jù, kí wọ́n wá kó yẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀ jáde tí ilé bá parí. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Dẹfẹ́lópà á ta púlọ́ọ̀tì tán, á bá tiẹ̀ lọ, ọ̀rá àti ewé á dí ẹnu páìpù. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ kálukú, ẹni tó máa kó pàǹtírí ibẹ̀ àti ẹni tó máa sanwó ẹ̀, kí owó ìgbẹ̀yìn púlọ́ọ̀tì tó wọlé.