Bí a ṣe ń bọ́ àpò kúrò nínú XML láìda ohun inú rẹ̀ nù

Ẹni tó bá ń ra ata ní ọjà Wuse mọ̀ ọ́n: ọlọ́jà á da ata sínú ọ̀rá funfun, á tún ki ìyẹn bọ inú ọ̀rá dúdú. Tí o bá délé, ata lo fẹ́, ọ̀rá dúdú di ẹrù. Irú fáìlì XML (fáìlì tí a fi àmì bíi <omo> yí ohun inú rẹ̀ ká) tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nìyẹn, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kubwa:

<egbe>
  <apo><omo>Adé</omo></apo>
  <apo><omo>Bísí</omo></apo>
</egbe>

Kí ni apo ń ṣe níbẹ̀? Kò ṣe nǹkan kan. XSLT, èdè tí a fi ń yí fáìlì XML padà, la fi ń bọ́ ọ. Òfin la máa ń kọ fún un: tí o bá pàdé tibí, ṣe tọ̀hún. Òfin àkọ́kọ́ ní kó da gbogbo nǹkan kọ bó ṣe bá a:

<xsl:template match="@*|node()">
  <xsl:copy>
    <xsl:apply-templates select="@*|node()"/>
  </xsl:copy>
</xsl:template>

Èkejì dá apo yà sọ́tọ̀:

<xsl:template match="apo">
  <xsl:apply-templates/>
</xsl:template>

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí xsl:copy nínú èyí. Apo ò ní jáde, ṣùgbọ́n apply-templates ní kó wọ inú rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló ti máa bá omo, òfin àkọ́kọ́ á sì dà á kọ. Òfin méjèèjì ló lè mú apo o, àmọ́ èyí tó pè é lórúkọ ló lágbára jù: 0 ni ipò (priority) tirẹ̀, -0.5 ni ti node() inú òfin àkọ́kọ́.

Èmi kọ́kọ́ kọ <xsl:template match="apo"/>, mo sì dákẹ́ síbẹ̀. Egbe òfìfo ló jáde. Mo ti sọ ọ̀rá nù tòun ti ata!

Láti ẹ̀dà 3.0 ti XSLT tó jáde ní 2017, ìlà kan péré, <xsl:mode on-no-match="shallow-copy"/>, ti tó dípò òfin àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n xsltproc, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń mú àwọn òfin yìí ṣiṣẹ́, kò gbọ́ ju 1.0 lọ.

Ohun tó jẹ́ mi níyà jù ni xmlns, èyí tó ń so orúkọ àwọn àmì inú fáìlì mọ́ àdírẹ́sì kan. Tí ó bá wà lórí egbe, match="apo" kò ní mú nǹkan kan, kò sì ní pariwo; fáìlì á kàn jáde bó ṣe wọlé. Nínú fáìlì XSLT yín, ẹ so orúkọ kúkurú bíi k mọ́ àdírẹ́sì inú xmlns yẹn, kí ẹ wá kọ match="k:apo".